Ẹ́ńjìnnì Tí Ọwọ́ Òsì Mi Yàn

                                        Ojúlé Kẹsàn-án, ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀,
                                        Isesaki, Gunma,
                                        Jàpáàn.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kejì, 2024.

Fusae mi, ọ̀rẹ́ tí ojú mi ń wá,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti jẹ́ kó dé ìdí àwọn igi ápù rẹ̀, àbí ìwọ nìkan lò ń gbé àkàbà kiri oko? Ritsuko àti ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ọmọ ti ń sùn, àbí ó ṣì ń fi ìyá rẹ̀ ṣọ́ ilé? Mo gbọ́ pé yìnyín bo Aomori débi pé àwọn ará àdúgbò kan ń gba ojú fèrèsé jáde. Ẹ kú òtútù o, ẹ kú ìfaradà, ẹ kú iṣẹ́ ṣọ́bìrì. Níbí, yìnyín kò pọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkè Akagi ń fẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán wá bá wa jà. Ó gbé ìbòrí ìrọ̀rí mi lórí okùn, kò sì tíì dá a padà.

Èmi náà wà. Mo ń jẹun, mo ń sùn, mo sì ń bínú. Dókítà ní ìbínú kò dára fún mi, àmọ́ èmi rí i pé ó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ mi lóore.

Nínú káàdì ọdún tuntun tí o fi ránṣẹ́, o béèrè bóyá òótọ́ ni ohun tí Katsuki ọmọ mi sọ fún ọ lórí fóònù, pé ìyá òun ti ń bá àwọn ọkùnrin ṣeré ọmọdé. Òótọ́ ni. Bu tíì sínú ife kí o jókòó, kí n sọ fún ọ bó ṣe jẹ́, nítorí tó bá jẹ́ ẹnu Katsuki nìkan lo ti gbọ́ ọ, ìdajì lo gbọ́, ìdajì tó burú sì ni.

O mọ̀ pé àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù mí lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òdòdó ṣẹ́rì ń rẹ̀ dànù. Ẹnu mi ti padà sípò, ẹsẹ̀ mi náà ti padà. Ọwọ́ òsì mi ni kò padà tán. Ó ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ó máa ń kọ́kọ́ rò ó ná. Tí mo bá ní kó di ife mú, á dúró díẹ̀ bí akọ̀wé tí a bá lẹ́nu oúnjẹ, lẹ́yìn náà á wá gbá ife náà mú bí ẹni pé ife fẹ́ sá lọ. Ilé iṣẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi. Ìyẹn kò dùn mí bí o ṣe rò. Èmi fúnra mi kò ní jẹ́ kí ẹni tó ní irú ọwọ́ yìí kó èrò gun òkè Akagi, ìwọ náà kò sì ní gbà. Ohun tó dùn mí ni ti Katsuki.

Ó wá láti Saitama lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mú ìwé ìpolówó ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan dání. Àwòrán àwọn ìyá kan tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí àwo ọbẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Ó ní ọwọ́ mi kò lè dá gbé ilé mọ́, ó ní kí n jẹ́ kí á ta ilé yìí kí n lọ sinmi. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́. O mọ Katsuki, kì í pariwo, ẹ̀sọ̀ ló máa ń fi pa èèyàn. Nígbà tí mo ní rárá, kò bá mi jà. Ó kàn mú alágbàtà ilé kan wá lóṣù tó tẹ̀lé e, ọkùnrin yẹn sì ń fi okùn wọn ilé ìdáná mi níbi tí mo ti ń gé àlùbọ́sà eléwé. Mo ní kí ó wọn èmi náà, bóyá ẹni tó fẹ́ ra ilé á fẹ́ mọ bí ìyá tó wà nínú rẹ̀ ṣe ga tó. Katsuki ní, “Ẹ máà bínú sí i, Màmá. Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe.” Ó fún ọkùnrin náà ní kọ́kọ́rọ́ ilé mi kan nígbà tí wọ́n ń lọ. Kò bi mí.

Ibi tí mo wà nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Hosogai. Ilé ìtajà àga àtijọ́ tó wà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn ni, ìwọ náà á rántí rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hosogai, ẹgbẹ́ wa, ló ti gbà á báyìí. Ó ń ta àwọn ọkọ̀ kékeré tí à ń fi rìmóòtù wà, ó sì ti sọ gbàgede ẹ̀yìn di ọ̀nà wọn: ilẹ̀ dídán, igun oríṣiríṣi, ògiri kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọwọ́ mi níṣẹ́. Bọ́ọ̀lù fóòmù kan ni wọ́n ń ní kí n máa fún, kí n máa tú, kí n máa fún, títí tí mo fi kórìíra gbogbo ohun tó bá rí roboto. Afẹ́fẹ́ ló tì mí wọlé. Ohun tí mo rí ni kò jẹ́ kí n jáde.

Fusae, àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò gùn ju láti ìgúnpá mi dé ìka, ṣùgbọ́n wọn kì í sáré lọ tààrà bí ọkọ̀ eré. Ńṣe ni wọ́n ń yọ̀. Táyà wọn le, kò sì di ilẹ̀ mú, nítorí náà tí wọ́n bá dé kọ́nà, ìdí á jáde, imú á kọjú sí etí ọ̀nà lápá inú, ọkọ̀ á wá fi ẹ̀gbẹ́ gba inú kọ́nà náà kọjá láìdúró. O rántí ọ̀nà òkè Akagi nígbà òtútù, bí ìdí bọ́ọ̀sì ṣe máa ń fẹ́ jáde lẹ́yìn èèyàn lórí omi dídì, tí ikùn ẹni á ti mọ̀ kí ojú tó mọ̀? Gbogbo ọdún tí a fi wà á, ńṣe ni à ń sá fún un. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ń lọ pè é wá ni. Mo dúró níbẹ̀, mo rí i pé ìka ọwọ́ òsì mi ń tẹ nǹkan tí kò sí níbẹ̀.

Hosogai rí mi, ó fún mi ní rìmóòtù pé kí n tọ́ ọ wò. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń yí wíìlì kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìka ọwọ́ òsì ló ń fa ohun kan bí ẹni fẹ́ yìnbọn. Ìka yẹn ló ń fún ọkọ̀ níná. O ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìka mi rò ó, ó rò ó, ó wá fà á lójijì. Ọkọ̀ yí po bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀, ó sì kọlu ògiri. Àwọn tó wà létí ọ̀nà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ẹ̀rín lásán ni.

Ọ̀kan nínú wọn sún mọ́ mi. Kurosu ni orúkọ rẹ̀, ó ń ta táyà ọkọ̀ gidi nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Òun ni ọ̀gá wọn nínú eré náà. Ènìyàn dáadáa ni, ibi tí ó ti burú sì nìyẹn, nítorí ńṣe ló máa ń bá àwọn obìnrin tó ti dàgbà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn.

“Màmá, ẹ má da ara yín láàmú jàre,” ló wí. “Kí wọ́n fún yín ní èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Kì í ṣe wàhálà. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè wà á.”

Mo bi í pé, “Ṣé ìyẹn ni ìwọ náà fi bẹ̀rẹ̀?”

“Èmi kẹ̀? Rárá o.”

“Kí ló wá dé tó o fẹ́ kó jẹ́ tèmi?”

Ó họ orí. Àwọn tó kù tún rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun ni wọ́n ń rín lọ́tẹ̀ yìí. Mo lọ bá Hosogai nídìí káńtà, mo ní mo fẹ́ ra ọkọ̀.

Màá sọ bí mo ṣe yàn án fún ọ, torí ìwọ ni ẹnì kan ṣoṣo tí kò ní ní mo ya wèrè. Mo kọ́kọ́ wa èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà náà, kí wọ́n má baà sọ pé mo kọ ohun tí n kò tọ́ wò. Ó ń yọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń yọ̀ bí àwo tí a tì lórí tábìlì. Iwájú ń fà á lọ, ẹ̀yìn ń tẹ̀ lé e, kò sí ohun kankan tí ìdí rẹ̀ ń sọ fún èèyàn. Mo wa èyí tí ẹ̀yìn nìkan ń tì í, tèmi sì tún lọ gbá ògiri, àmọ́ kó tó gbá a, mo mọ ìdí rẹ̀ lára. Bọ́ọ̀sì ni. Mo ní èyí ni mo fẹ́. Hosogai bi mí lẹ́ẹ̀kan, ó tún bi mí, ó tún wò mí láti orí gíláàsì rẹ̀. Mo ní tó bá tún bi mí, màá lọ rà á ní Takasaki. Ó wá béèrè bóyá mo fẹ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń mọ̀ ọ́n lára tí ìdí bá ń yọ̀, tó sì ń dá táyà iwájú padà fúnra rẹ̀. Mo ní kó fi sí i. Gbogbo wọn ló ń lò ó, títí kan Kurosu. Olóríkunkun ni mí, n kì í ṣe òpè.

Ó wá ku ẹ́ńjìnnì. Lókè pátápátá nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ́ńjìnnì kan wà tó ń mu epo. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. A gbé e jáde síta, ó fa okùn rẹ̀, ohun kékeré yẹn sì ké, èéfín jáde, òórùn rẹ̀ wọ imú mi bí òórùn gáréèjì wa láàárọ̀ kùtù. Ojú mi rọ̀ fún omijé, n kò purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n a kò lè lò ó nínú ilé nítorí èéfín, ọwọ́ kan ló sì gbọ́dọ̀ di ọkọ̀ mú kí ọwọ́ kejì tó fa okùn. Ọwọ́ wo ni màá fi dì í mú? Mo fi ọwọ́ pa á lórí, mo sì ní kó gbé e padà.

Èyí tó ń lo bátìrì ni gbogbo wọn ń lò, oríṣi rẹ̀ sì pọ̀. Bí wáyà tí wọ́n yí sínú rẹ̀ bá kéré, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á le, á máa fò bí ẹṣin tí a nà ní pàṣán. Bí wáyà bá pọ̀, á rọ̀, á sì rọra dìde. Alágbára ni gbogbo wọn fẹ́. Kurosu fi tirẹ̀ hàn mí bí ẹni ń fi ọmọ hàn. Hosogai yá mi ní irú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìka mi fà á, ọkọ̀ fò. Ìka mi tún fà á, ọkọ̀ fò. Wọ́n ní ohun tí àwọn ti ń sọ nìyẹn: ọwọ́ yìí kò lè di ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ń tì mú, kí n gba ti jẹ́lé-ó-sinmi.

Mo lọ sílé, mo rò ó. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo gbé kẹ́tùlù kúrò lórí iná, ọwọ́ mi rò ó, ó rò ó, kò sì dì í mú. Omi gbígbóná dà sórí ilẹ̀, ó kù díẹ̀ báyìí kó dé ẹsẹ̀ mi. Mo nu ilẹ̀ náà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ ni mo ń sọ ọ́ fún yìí. Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù yẹn, ẹ̀rù bà mí gidigidi, Fusae. Mo rò ó pé bóyá Katsuki tọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi. Mo ní ṣé torí pé kẹ́tùlù yìí wúwo ni wọ́n ṣe fẹ́ lé mi kúrò nílé, ṣé kò sí kẹ́tùlù kékeré lọ́jà ni? Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì náà ṣe yé mi. Ọkọ̀ kọ́ ló yẹ kí n pààrọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bá ìka mi mu ló yẹ kí n wá.

Mo padà lọ ra èyí tí wáyà rẹ̀ pọ̀. Ó ti wà nínú páálí rẹ̀ tí eruku bò ó, torí kò sí ẹni tó ń fi yọ̀. Kurosu rí i lọ́wọ́ mi, ó mi orí.

“Màmá, ìyẹn ò lẹ́mìí. Ẹ máa wọ kọ́nà dáadáa, tẹ́ ẹ bá dé àárín, á kú mọ́ yín lọ́wọ́, ìdí á padà sílé.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ìka mi lè fà á báyìí láìjẹ́ pé ọkọ̀ fò, ṣùgbọ́n láàárín kọ́nà, táyà kò yí tó mọ́, ìdí á wọlé, ọkọ̀ á wá máa lọ tààrà bí ẹni tó ń bọ̀ láti báǹkì. Gbogbo oṣù kọkànlá ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí mi níbẹ̀ débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àga kan sílẹ̀ fún mi. Mo kun ara ọkọ̀ náà ní funfun, mo fa ìlà pupa sí i ní ìbàdí, bí bọ́ọ̀sì wa. Nígbà tí Kurosu rí i, ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, bọ́ọ̀sì akérò rèé.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó mú owó ọkọ̀ ẹ̀ dání, torí n kì í gbé èrò ọ̀fẹ́.

Ọjọ́ kan tí mo ń jẹ yakimanjú, búrẹ́dì sísun orí igi wa, létí ọ̀nà, tí ọbẹ̀ rẹ̀ dídùn ń kán sí mi láṣọ, mo rántí bọ́ọ̀sì àtijọ́ tí wọ́n fún èmi àti ìwọ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́, èyí tí kò lágbára rárá. Ǹjẹ́ a sọ fún ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n fún wa ní ẹ́ńjìnnì mìíràn? Jíà la máa ń yàn. Mo sọ yakimanjú sílẹ̀, mo ní kí Hosogai bá mi wá wíìlì eléyín tó tóbi ju èyí tó wà lẹ́nu ẹ́ńjìnnì mi lọ, kí táyà lè máa yí púpọ̀ bí ẹ́ńjìnnì náà tilẹ̀ ń yí díẹ̀. Ó ní á gbóná jù. Mo ní kó fi fáànù kékeré sí i. Ó ṣe é, ó ń kùn. A gbé ọkọ̀ sílẹ̀. Ìka mi rò ó, ó sì fà á, ẹ́ńjìnnì rọra dìde, ìdí jáde, ó dúró síta, ó gba kọ́nà àkọ́kọ́ já, ó gba ìkejì já. N kò lè sọ bó ṣe rí lára mi fún ọ. Ọwọ́ òsì mi ló ṣe é. Ọwọ́ tí gbogbo wọn ti sin.

A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù. Mo ń lọ síbẹ̀ nígbà tí òtútù mú, mo ń lọ nígbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi. Wọ́n wá fẹ́ ṣe ìdíje wọn nínú oṣù yìí, èyí tí ọkọ̀ méjì-méjì máa ń wọ̀: ọ̀kan á ṣáájú, ìkejì á lé e, a ó sì tún pààrọ̀. Ẹni tó ń lé gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìlẹ̀kùn ẹni tó ṣáájú bó ti lè ṣe é, láìfara kàn án. Hosogai fẹ́ fi mí sáàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Mo ní rárá. Mo ní tí ọwọ́ yìí bá máa dójú tì mí, kó dójú tì mí láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n wà.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdíje gan-an ni Katsuki tún dé. Ó ní alágbàtà ti rí tọkọtaya kan, wọ́n ń bọ̀ wá wo ilé lọ́jọ́ Ajé, òun fẹ́ kí n tẹ òǹtẹ̀ mi síwèé kó tó di ìgbà yẹn. Mo ń wọ bàtà mi lọ́wọ́ nígbà náà. Mo ní mò ń lọ síbì kan. Ó wo àpótí ọkọ̀ mi, ó mí kanlẹ̀.

“Ó dáa,” ló wí. “Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Tẹ́ ẹ bá borí wọn lónìí, mi ò ní sọ̀rọ̀ ilé mọ́. Tí wọ́n bá sì borí yín, ẹ jẹ́ ká tà á.”

Mo ní, “N kì í fi ilé mi ta tẹ́tẹ́. Tó o bá fẹ́ wòran, wá gbé àpótí yìí dání.”

Ó gbé e. Kò sọ ọ́ kalẹ̀ títí a fi dé ọ̀hún.

Ọkùnrin kan láti Ota, ìlú Gunma tó múlé gbè wá, ni mo kọ́kọ́ bá wọ̀ ọ́. Ó fẹ́ fi agbára hàn, ọkọ̀ rẹ̀ yí po lẹ́ẹ̀mejèèjì, mo sì kọjá. Lẹ́yìn náà wọ́n pe orúkọ èmi àti Kurosu pọ̀. Àwọn èèyàn dìde láti wá wò ó. Mo rí Katsuki lẹ́yìn wọn, ó ṣì wọ kóòtù rẹ̀, ó dúró bí ẹni tó wá sin èèyàn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣáájú. Ẹ́ńjìnnì mi kì í sáré, nítorí náà mo gba ibi tó gbòòrò jù, mo gbé ìdí jáde tipẹ́, mo sì jẹ́ kó dúró síta láti kọ́nà dé kọ́nà láìgbọ̀n. Kurosu ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ó gbóná, ó fẹ́ sún mọ́ mi, àmọ́ eré rẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ, ó sì ní láti máa dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró kó má baà gbá mi. Léraléra ni ìdí rẹ̀ padà wọlé. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn mi sọ pé, “Ìyá yìí ń wà á o.” Àwọn mẹ́ta tó ń ṣe ìdájọ́ fojú kan ara wọn.

A pààrọ̀. Kurosu wá ń ṣáájú, kò sì ṣàánú mi. Ó ta jáde bí ọfà. Mo mọ̀ pé tí mo bá tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀, n kò ní bá a, nítorí náà mo gé inú, mo ju ìdí ọkọ̀ mi síta kí òun tó ju tirẹ̀. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, imú ọkọ̀ mi wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn rẹ̀, ọwọ́ lè máà kọjá láàárín wọn. Ní ìkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Fáànù ẹ́ńjìnnì mi nìkan ni mò ń gbọ́. Nígbà tí a dé kọ́nà tó kẹ́yìn, mo ní kí ìka mi dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó rò ó. Ó rò ó pẹ́ jù. Imú ọkọ̀ mi gbá ìlẹ̀kùn ọkọ̀ Kurosu, ó sì tì í kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹ̀bi ẹni tó ń lé nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Wọ́n gbé e fún Kurosu. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe pé mo gbá a, èmi ni wọn ì bá gbé e fún. Ìyẹn ò sì ṣe nǹkan kan fún mi. Ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ kò ṣẹlẹ̀.

Kurosu gbé ọkọ̀ rẹ̀, ó wo ibi tó ti fọ́, ó sì gba ọ̀dọ̀ mi wá. Mo rò pé ó fẹ́ wá rẹ̀ mí lẹ́kún. Ojú rẹ̀ pọ́n.

“Màmá, ẹ gbá mi.”

“Mo gbá ẹ.”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọkọ̀ yìí ni. Kí lẹ̀ ń wá nínú ibi tó há báyẹn?”

“Ìwọ lo ṣí i sílẹ̀.”

“Mo ṣí i sílẹ̀ torí mi ò rò pé ẹ lè wọbẹ̀.” Ó fi ìka tọ́ sí bọ́ọ̀sì mi. “Lóṣù tó ń bọ̀, mi ò ní ṣí nǹkan kan sílẹ̀ fún yín. Ẹ ti gbọ́.”

Mo ní mo ti gbọ́. Fusae, láti ìgbà tí mo ti ṣàìsàn, ẹnì kankan kò bá mi jà. Wọ́n ń pọ́n mi lé, wọ́n ń bá mi gbé àpò, wọ́n ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí mo bá wọlé. Ọkùnrin yìí dúró níwájú mi, ó ń bínú sí mi bí ẹni tí ó yẹ kí á bínú sí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín mọ́ ọn lójú.

Èmi àti Katsuki rìn dé ibi tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí. Ó gbé àpótí mi sínú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó wá dúró níbẹ̀ nínú afẹ́fẹ́.

“Mi ò mọ̀ pé ẹ lè ṣe báyẹn,” ló wí. Lẹ́yìn náà ni ó tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sọ̀ rẹ̀. “Àmọ́ Màmá, wọ́n borí yín.”

Mo ní, “Kurosu ló borí mi, Katsuki. Ìwọ kọ́. Lọ gba kọ́kọ́rọ́ mi lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn.”

Ó gbé mi délé, ó kọ̀ láti wọlé, ó sì lọ. Nítorí náà, n kò lè sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ ti tán láàárín wa. Inú ń bí i. Ẹ̀rù ló sì ń fa ìbínú náà, mo mọ̀, torí òun ló bá mi nílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tirẹ̀ ni, kó gbé e sọ́dọ̀ ara rẹ̀. N kò ní máa gbé inú rẹ̀ bá a.

Lọ́jọ́ Ajé, alágbàtà dé pẹ̀lú tọkọtaya náà. Ó ti ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ ẹnu ilẹ̀kùn kí n tó ṣí i láti inú. Gíríìsì wà lọ́wọ́ mi, torí mò ń tú jíà. Mo kí wọn dáadáa, mo ní kí wọ́n má bínú sí ìrìn àsán tí wọ́n rìn nínú òtútù, ilé yìí ní onílé tirẹ̀, òun ló sì dúró níwájú wọn. Ìyàwó náà tẹríba, ó tọrọ àforíjì, ọmọ dáadáa ni. Alágbàtà ní òun á pe ọmọ mi. Mo ní kó pè é, kó sì gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé mi lọ́wọ́ kó tó pè é. Mo na ọwọ́ òsì sí i. Ọwọ́ náà rò ó díẹ̀, àmọ́ nígbà tó gbá kọ́kọ́rọ́ yẹn mú, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí ó má gun àkàbà. Bá mi kí Ritsuko, kí o sì gbé ọmọ náà mọ́ra fún mi. Bá mi kí gbogbo àwọn tí a jọ wa bọ́ọ̀sì tó ṣì ń bá ọ sọ̀rọ̀. Tí yìnyín bá yọ́, wá kí mi. Yàrá rẹ wà níbẹ̀, mo ti sá ibùsùn rẹ̀ sóòrùn, ṣọ́ọ̀bù Hosogai kò sì jìnnà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń kọ̀wé láti ilé ara rẹ̀,

Sumie Orihara.